Ṣé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ lè máa jẹ́ “ọlọ́dọọdún”?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí a tó sanwó fún àwọn tó ń tẹ̀wé.

Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú wa fẹ́ ṣe àpéjọ kan nílé lóṣù Kejìlá, irú ẹ̀ ò wáyé rí. Ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣe bánà kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé “ÀJỌ̀DÚN ỌLỌ́DỌỌDÚN ÀKỌ́KỌ́”. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ yarí. Wọ́n ní irọ́ gbáà ni, pé ohun tí a ò tíì ṣe lẹ́ẹ̀kan, ta ló sọ fún wa pé a óò tún un ṣe? Alága ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé àdúrà ni.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìwé òfin ẹgbẹ́ tí àwọn àgbà kọ sílẹ̀ ní Yorùbá sọ pé: “Lọ́dọọdún ni ìpàdé gbogboogbò yóò máa wáyé, ní ọdún kẹta-kẹta sì ni a ó máa yan olóyè.” Ọdún 2024 la yan àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn kan ní ọdún kẹta bọ́ sí 2026, àwọn kan ní 2027 ni. Mi ò ní sọ ibi tí alága wà.

Ẹ bá mi wò ó: kí ni “ọdọọdún” ń sọ gan-an, kí ni kò sì sọ?

Àbẹ̀ní Ọmọ Ọ̀ṣun

Ẹ̀yìn bàbá ni mo wà. Ohun tó ti di ìṣe là ń pè ní ọlọ́dọọdún. Ẹ kọ “Àjọ̀dún Àkọ́kọ́”, ó parí. Bí ẹ bá ṣe ìkejì, tí ẹ ṣe ìkẹta, àwọn èèyàn á fẹnu ara wọn pè é ní ọlọ́dọọdún, ẹ ò ní bẹ̀ wọ́n.

Wálé Mọ́kọ́lá

Èmi ò rí ìjà níbí. Ẹni tó bá bí àkọ́bí, kí ló dé tí a fi ń pè é ní àkọ́bí nígbà tí a ò tíì rí ìkejì? 😂

Àbẹ̀ní Ọmọ Ọ̀ṣun

Wálé, ẹ fi “àkọ́kọ́” sílẹ̀, òun kọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. “Ọlọ́dọọdún” ni kí ẹ dáhùn.

Tìṣà Àgbà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ìyókù á rọrùn.

“Ọdún” ni ìpìlẹ̀. Yorùbá mú fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ọ, ó mú d tó tẹ̀ lé e, ó tún pe ọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá so gbogbo ẹ̀ mọ́ iwájú odindi ọ̀rọ̀: ọdọ àti ọdún, ó di ọdọọdún. Ọ̀nà kan náà ni oṣù gbà di oṣooṣù, tí ọ̀sẹ̀ di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tí alẹ́ di alaalẹ́, tí òru di òròòru, tí ojúmọ́ di ojoojúmọ́. Àárọ̀ nìkan ló ya olóríkunkun díẹ̀, àràárọ̀ là ń pè é.

Iṣẹ́ tí àpètúnpè yìí ń ṣe ni pé ó to àwọn ọdún sílẹ̀, ó ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan, kò fo èyíkéyìí. Ibí ló ti yàtọ̀ sí “gbogbo ọdún”. Bí mo bá ní “gbogbo ọdún ló fi ń ṣàìsàn”, ẹ lè gbọ́ ọ pé láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá ni ara rẹ̀ kò yá nínú ọdún kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ “ọdọọdún ló ń ṣàìsàn” bẹ́ẹ̀. Ọdún mélòó kan ti gorí ara wọn, àìsàn náà sì ń padà wá ni.

Ó tún yàtọ̀ sí “lọ́dún” lásán. Onílé tó sọ pé “₦400,000 lọ́dún ni yàrá yìí”, òṣùwọ̀n owó ló ń sọ fún yín. Ẹ lè gbé e lóṣù mẹ́fà kí ẹ kó jáde, òṣùwọ̀n yẹn ò yí padà. Àmọ́ bó bá ní “ẹ ó máa san ₦400,000 lọ́dọọdún”, ó ti ń retí yín lọ́dún tó ń bọ̀ àti lọ́dún tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ẹ wo “máa” tó wà níbẹ̀; òun àti “lọ́dọọdún” kì í fẹ́ pínyà.

Ẹ bá mi kíyè sí ohùn rẹ̀ náà. “Lọ́dọọdún” ni. “Ní” ló gbé ohùn òkè rẹ̀ lé ọ àkọ́kọ́, ohùn àárín ni àwọn tó tẹ̀ lé e títí a ó fi dé “dún”. Mo ti rí “lọ́dọ̀ọ̀dún” lórí ìwé ìpè tí wọ́n náwó lé gan-an. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Nípa bánà: mi ò rí àṣìṣe gírámà níbẹ̀. Ìlérí ló wà níbẹ̀, ẹni tó ṣèlérí ló ni ìjà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun gan-an sà. “Ẹni tó ṣèlérí ló ni ìjà”, mo máa kà á sétí wọn ní ìpàdé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Tìṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ibì kan wà tó kọ mí lóminú, ibi tí ẹ ti ní kò fo ọdún kankan.

Ojúde Ọba tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ta ni kò mọ̀ pé ọlọ́dọọdún ni? Ọjọ́ kẹta Iléyá ni àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ń kọ́wọ̀ọ́ rìn dé ojúde Awùjalẹ̀, tí àwọn ìdílé ológun ń gun ẹṣin, tí gèlè obìnrin kan á dí ọ lójú tí o ò ní rí Ọba mọ́. Àmọ́ 2020 kò wáyé. 2021 kò wáyé. Àrùn Kọ́rónà ló fà á. Nígbà tó padà wá ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2022, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọlọ́dọọdún tẹ́lẹ̀ rí. Orúkọ ẹ̀ ṣì ni orúkọ ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ọjọ́ 11 oṣù Keje ni ti 2022, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni ti 2023, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni ti 2024, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ni ti 2025. Ó ń sá sẹ́yìn. Ẹni tó bá rò pé “lọ́dọọdún” túmọ̀ sí déètì kan náà, á ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lásán.

Àlàájì Kékeré

Òṣùpá ló ń darí ìyẹn, Ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọdún Mùsùlùmí ò ju ọjọ́ 354 tàbí 355 lọ, nítorí náà bíi ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń tètè dé lọ́dọọdún tí ẹ bá fi kàlẹ́ńdà ara ògiri wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èyí tó máa dà yín láàmú. Lọ́dún 2006, Iléyá wáyé lẹ́ẹ̀mejì: ọjọ́ 10 oṣù Kìíní, ó tún padà wá ní ìparí oṣù Kejìlá kí ọdún tó jáde. Ẹni tó ń pa àgbò lọ́dọọdún pa méjì nínú 2006, kò sì rú òfin kankan. Ọdún 2030 ń bọ̀ báyìí, àwẹ̀ Ràmàdánì máa wọlé lóṣù Kìíní, òmíràn á tún wọlé lóṣù Kejìlá. Tìṣà, ẹ bi “ọdọọdún” pé ọdún ta ni ó ń kà?

Tìṣà Àgbà

Àlàájì, ẹ mú mi dáadáa níbẹ̀. Ọdún ẹni tó ni nǹkan náà ló ń kà. Bí ó bá jẹ́ ọdún òṣùpá, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ti ọdún òṣùpá kọ̀ọ̀kan. Kàlẹ́ńdà ara ògiri kò ní ẹjọ́ kankan í rò níbẹ̀.

Ìyá Alátẹ

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú làákàyè. Èmi ò mọ fáwẹ̀lì, orógbó ni mo mọ̀.

Ṣebí gbogbo wa la máa ń wúre yìí: “Ọdọọdún là á rórógbó, ọdọọdún là á ráwùsá, ọdọọdún là á rọ́mọ obì lórí àtẹ.” Ẹ fetí sí ìparí ẹ̀. Kò sọ pé lórí igi o. Lórí àtẹ ló ní. Igi obì kan lè sinmi, igi orógbó kan lè kú, kòkòrò lè bá tàwọn ará oko kan jà. Àmọ́ bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ ó bá obì lórí àtẹ. Bí ti Ìkirè ò bá so, ti Ṣàgámù á so. Bí òjò bá ti múlẹ̀ báyìí, ẹ ó máa rí awùsá bíbọ̀ nínú abọ́ lẹ́bàá títì, kí ẹ má ṣáà mu omi lé e kíákíá, ẹnu yín á korò.

Ìdí tí a fi ń fi wọ́n wúre fún ọmọ tuntun àti fún ìyàwó nìyẹn. A ò ní kí nǹkankan má ṣe igi. A ní kí wọ́n máa rí i lọ́jà ni.

Nítorí náà Ojúde Ọba tó fo ọdún méjì, igi ló sinmi. Àtẹ ò ṣófo.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ìyá, ẹ ẹ̀ ní mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ibo ni ìsọ̀ yín wà?

Àbẹ̀ní Ọmọ Ọ̀ṣun

Ìyá sọ ọ́ ire, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí a má pa gbogbo ọdún pọ̀ sójú kan. Lọ́dún 2020 yẹn náà, ìjọba ní kí èrò má wá sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun. Kò sí ìlù àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń polówó, kò sí òyìnbó, kò sí àwọn ọmọ tó ń ta ike omi odò. Síbẹ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀ ṣe ètùtù wọn, arugbá gbé igbá. Ìwọ̀nba èèyàn tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú ọdún ìbílẹ̀, ètùtù ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ọdọọdún. Àríyá lè dúró. Ojúde Ọba, ìkíni ni, ọ̀wọ̀ ni fún Ọba, ẹwà ni; bí wọ́n bá ní kí èrò má pé, kí ló kù níbẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ dúró ni. Ti Ọ̀ṣun ò lè dúró. Láti 2005 tí UNESCO ti kọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ni àwọn àlejò ti ń rò pé tìtorí àwọn la ṣe ń tan iná olójú mẹ́rìndínlógún. A ti ń tàn án kí wọ́n tó dé.

Èkó Ò Ní Bàjẹ́

Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n fi Ẹ̀yọ̀ kún un o! Lóṣooṣù ni mò ń rí ẹni tó kọ “ọdún Ẹ̀yọ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Èkó” sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?

Adámú Òrìṣà, ìyẹn Ẹ̀yọ̀ yẹn náà, kì í ṣe ọlọ́dọọdún. Èèyàn ńlá ló ń papò dà, tàbí ohun pàtàkì ló ń ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó gbé e jáde. Ọdún 1854 tí wọ́n ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Èkó, nítorí Ọba Akíntóyè tó wàjà ni. Ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2017 ló jáde nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe àádọ́ta ọdún. Ẹ fi ìka ka iye ọdún tó wà láàárín ìjáde kan sí èkejì, ẹ ó rí i pé wọn ò bára dọ́gba. Ọdún ni, a ò jiyàn, torí gbogbo ohun tí a bá fi aṣọ àti ìlù ṣe ni Yorùbá ń pè ní ọdún. Ọdọọdún kọ́.

Ẹni tí kò mọ̀yí ni á tún di irun ṣùkú, á wọ bàtà, á fi sìgá há ẹnu wá síta lọ́jọ́ náà. Ọ̀pámbàtà á bá a sọ̀rọ̀, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀ yẹn.

Wálé Mọ́kọ́lá

“Ọ̀pámbàtà á bá a sọ̀rọ̀” 😂😂😂

Aṣọ Ẹbí Olówó Pọ́ọ́kú

[Alábòójútó ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò. Ìyàrá ọjà wà fún ìpolówó, ẹ jọ̀ọ́.]

Ọmọ Ọlọ́jà

Gbogbo yín ti sá fún ìbéèrè tó le jù. Ọdún kẹta-kẹta ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa. Ọjà ọrún, ọrọọrún la ń ná an. (Tìṣà, ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yín ló tún jáde yẹn: ọrún, ọrọọrún.) Márùn-ún ló wà lẹ́nu orúkọ ẹ̀. Ẹ wá kà á. Bí wọ́n bá ná an lọ́jọ́ Ajé, Ajé ni ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ni méjì, Ọjọ́rú ni mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ ni mẹ́rin, Ẹtì ni márùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjà tún pé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló ń yípo, a kàn ka ọjọ́ tí a dúró lé mọ́ ọn ni.

Ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án náà ńkọ́? Mẹ́jọ ló ń yípo. Ìtàdógún tó ní mẹ́tàdínlógún nínú? Mẹ́rìndínlógún ni. 4, 8, 16. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin àwọn bàbá wa ló wà nídìí gbogbo ẹ̀.

Ó tún wà lẹ́nu wa lójoojúmọ́ tí a ò fura. Òní, àná, ìjẹta. Ẹ̀ta wà nínú ìjẹta, àmọ́ ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá. Ọdún yìí, èṣí, ìdúnta: bákan náà. Bí a bá wà ní 2026, 2024 ni ìdúnta, kì í ṣe 2023. 2023 ni ìdúnrin.

Àwọn àgbà tó kọ ìwé òfin yẹn, ìṣirò tí wọ́n bá nílé ni wọ́n fi kọ ọ́. 2024 ni ìkíní, 2025 ni ìkejì, 2026 ni ìkẹta. Ẹ sọ fún alága kí wọ́n palẹ̀ mọ́.

Àlàájì Kékeré

Háà! Ìdúnta! Mo ti ń sọ ọ́ látìgbà tí mo ti dáyé, mi ò kà á rí.

Títí Peckham

Ẹ kú ọgbọ́n o. Mo gbádùn èyí. Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kan kún un láti ọ̀dọ̀ tiwa níbí.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ níbi iṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì, ọ̀kan fún ohun tó ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan, ọ̀kan fún ohun tó ń fo ọdún kan kó tó padà wá. Àwọn tó ni èdè náà gan-an ń ṣì wọ́n lò, ìpàdé ti forí ṣánpọ́n nítorí ẹ̀ lójú mi. Yorùbá ò ní wàhálà yẹn: “ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún” nìyí, “ọdún méjì-méjì” nìyẹn. Ọmọdé ò lè ṣì í.

Nítorí ẹ̀, Ọmọ Ọlọ́jà, mi ò rò pé “ọdún mẹ́ta-mẹ́ta” àti “ọdún kẹta-kẹta” jẹ́ nǹkan kan náà. Mẹ́ta-mẹ́ta, odindi ọdún mẹ́ta ló ń kó papọ̀. Kẹta-kẹta, ipò ló ń kà, ibẹ̀ sì ni ìṣirò ọjà ọrún yín ti lè wọlé.

Ohun kan tún nìyí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Kúbà, tó ní Ọ̀rúnmìlà, máa ń retí ohun tí wọ́n ń pè ní Letra del Año. Lálẹ́ tí ọdún bá ń jáde ni àwọn babaláwo ní Havana máa ń pé jọ dá Ifá fún ọdún tuntun, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ni gbogbo ayé á ti gbọ́ odù tó jáde àti ẹbọ tó yẹ. Mo sọ fún un pé nílé, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni ọdún Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀ ní Ifẹ̀. Ó ní báwo ni ọdún Ifá ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún? Mo ní ọdún ta ni ó wà láàárín ẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí Tìṣà sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni, mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ dáadáa nígbà yẹn.

Àwọn ará Bàhíà ní Brazil ti so Yemọja mọ́ déètì ní tiwọn: ọjọ́ 2 oṣù Kejì, ó lè bọ́ sí Ajé, ó lè bọ́ sí Ẹtì, ọkọ̀ ojú omi á gbé òdòdó wọ òkun ní Rio Vermelho. Nílé, iṣu ló ń sọ ìgbà tí a ó jẹṣu.

Tìṣà Àgbà

Títí, ẹ ṣeun mà. Ẹ ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

Ọmọ Ọlọ́jà, ìṣirò yín dán, kò sì sí irọ́ nínú ẹ̀. Bí mo bá wà nílé ẹjọ́ ìbílẹ̀, ẹ̀yin ni mo máa gbè. Àmọ́ ìwé òfin ẹgbẹ́ nìyí, àwọn tó kọ ọ́ lè ti lọ sílé ẹ̀kọ́ òyìnbó kí wọ́n tó kọ ọ́, kí wọ́n sì fi ìṣirò ibẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ nìkan ò lè dá ẹjọ́ yìí. Ìṣe ló lè dá a.

Akọ̀wé, ẹ lọ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ìdìbò tó ṣáájú 2024, ọdún wo ni? Èyí tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Mo ti lọ wò ó. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á.

2016. 2018. 2021. 2024.

Wálé Mọ́kọ́lá

Yéè.

Ọmọ Ọlọ́jà

2016 sí 2018! Ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Kí ni mo wí?

Àlàájì Kékeré

2021 sí 2024 ńkọ́? Ẹ má fojú fo ìyẹn o.

Ọmọ Ọlọ́jà

2020 ló yẹ kí wọ́n dìbò. Kọ́rónà ló gbé e dé 2021. Ẹni tó jókòó lọ́dún 2021 wá rí i pé àga náà tutù.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Òótọ́ ni pé Kọ́rónà ló dá ti 2020 dúró, ó wà nínú àkọsílẹ̀. Àmọ́ kò sí ibi tí wọ́n kọ ìdí tí ti 2023 kò fi wáyé. Kò sẹ́ni tó bèèrè. Èmi náà wà nínú ìpàdé ọdún yẹn, ìrẹsì la jẹ, a túká.

Àbẹ̀ní Ọmọ Ọ̀ṣun

Ìpàdé gbogboogbò yín ńkọ́? Òfin ní lọ́dọọdún. Ṣé ẹ ṣe é lọ́dún 2020?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

A ṣe é lórí WhatsApp. Bàbá mẹ́rin ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ohùn síta, wọ́n fi gbogbo ìpàdé ṣépè fún fóònù. Àmọ́ a ṣe é.

Ìyá Alátẹ

Àtẹ ò ṣófo 😄

Tìṣà Àgbà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá máa tún òfin náà kọ, ẹ má fi ẹrù gbogbo rù “lọ́dọọdún”, kò lè gbé e. Ó lè sọ pé kí ẹ má fo ọdún. Kò lè sọ oṣù, kò lè sọ ọjọ́, kò lè sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹni tó jẹ iyán lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ kọ iye ìgbà, ẹ kọ oṣù.

Fún ìdìbò, ẹ sá fún kẹta-kẹta. Ẹ kọ “bí odindi ọdún mẹ́ta bá ti pé sí ọjọ́ tí a dìbò gbẹ̀yìn”, tàbí ẹ kọ méjì tí ẹ bá fẹ́ ti Ọmọ Ọlọ́jà. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ẹni tó wà lórí àga ló máa kà á.

Èkó Ò Ní Bàjẹ́

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣe bánà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé láti ìpàdé. Ẹ ṣé gan-an.

Ti ìpàdé gbogboogbò ti yanjú. Ohun tí a kọ nìyí: “Ẹ̀ẹ̀kan, ó kéré tán, lọ́dọọdún ni ìpàdé gbogboogbò yóò máa wáyé, láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kejìlá. Ìpàdé orí ẹ̀rọ bófin mu.” Àwọn bàbá mẹ́rin yẹn ní kí a fi kún un pé kí ẹnìkan máa wà nítòsí tó mọ fóònù. Kò wọ òfin, àmọ́ a gbà.

Ti bánà, bàbá ló borí. “ÀJỌ̀DÚN ÀKỌ́KỌ́” ló wà lókè báyìí. Alága ní bí a bá máa yọ ọlọ́dọọdún kúrò, kí a fi àdúrà àwọn sí ìsàlẹ̀, nítorí náà a kọ “Àṣèyí-ṣàmọ́dún o” sí i ní lẹ́tà kékeré. Bàbá kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe irọ́ ní tiẹ̀. Ẹni tó ń ṣe bánà ti gba owó ẹ̀ẹ̀kejì lọ́wọ́ wa.

Títí Peckham

Ẹ kú oríire o! Ẹ fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ síbí bó bá jáde.

Ọmọ Ọlọ́jà

Akọ̀wé, ẹ ti sọ ti ìpàdé, ẹ ti sọ ti bánà. Ìdìbò ńkọ́? 2026 àbí 2027?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Alága ní àsìkò ti lọ, kí a gbé e sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Ọmọ Ọlọ́jà

Ìgbà wo ni ìpàdé tó ń bọ̀?

Wálé Mọ́kọ́lá

Àmọ́dún 😂